Elégbè Inú Ìgò Ìdọ̀tí

Túnunfọ̀ ni wọ́n ń pè é ní yàrá ìwádìí, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Bí obìnrin yìí bá fọ nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ní ó ku ẹ̀ẹ̀kẹrin. Àwọn ìbejì rẹ̀ nílé mọ̀ bẹ́ẹ̀: àwo tí wọ́n bá fọ̀, ìyá wọn á gbé e sókè wò, á sì dá a padà fún wọn.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń wá bí yóò ṣe jí jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tínńtín inú ara, lójú oorun. Ara tanátaná ni jíìnì náà ti wá, nítorí náà, ọjọ́ tó bá jí, ìgò tínńtín tó wà nínú rẹ̀ á tàn. Túnunfọ̀ mọ purotéènì tó yẹ kó jí i. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì ti rí i pé ó ń di ẹnu ọ̀nà jíìnì náà mú típẹ́típẹ́. Ẹ̀rọ kékeré inú ara tó ń da jíìnì kọ kó tó lè ṣiṣẹ́ wà nínú ìgò kan náà. Síbẹ̀, òkùnkùn biribiri. Bẹ́ẹ̀, níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí nǹkan ṣì dọ̀tí, ìgò náà máa ń tàn díẹ̀. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Kàkà kí arábìnrin wa ronú, ó tún un fọ̀.

Ọ̀gá wọn kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bí kò bá tàn kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ náà parí nìyẹn. Òwúrọ̀ Jímọ̀ wá dé. Túnunfọ̀ fi ọwọ́ lẹ́rán, omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

Bàbá Yìnyín, àgbàlagbà tó ń tọ́jú yàrá tútù, fa àga jókòó tì í.

"Ìyá Ìbejì, kí lẹ máa ń ní kí n dànù tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán?"

"Ìdọ̀tí ni, Bàbá. Àwọn purotéènì mìíràn. Wọn kì í fọwọ́ kan jíìnì rárá, wọn ò wúlò."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi ni mò ń lé orin lẹ́gbẹ́ wa. Lọ́jọ́ kan, àwọn elégbè bínú, wọn ò wá. Mo lé orin títí ọ̀fun fi gbẹ. Ẹnikẹ́ni ò jó. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú ni."

Túnunfọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, mo ti da àwọn elégbè nù."

"Ti ọ̀sẹ̀ yìí ṣì wà o. Ọ̀lẹ ò jẹ́ n tíì dà á nù."

Ó gbé ìgò náà wá láti yàrá tútù. Túnunfọ̀ kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí jíìnì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó pa iná yàrá. Ìgò tínńtín náà ń tàn yòò.

Ó ké, ó jó, ó fò mọ́ Bàbá lọ́rùn. Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá wọn.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Ohun tí mo ti ń dà sí kòtò láti ọdún mẹ́ta ni, sà," ni Túnunfọ̀ wí, ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn dé èékánná. "Kì í fọwọ́ kan jíìnì. Ó kàn ń fi ọwọ́ kan di purotéènì ajíni tí mo fọ̀ mú, ó ń fi ìkejì fa ẹ̀rọ adàkọ wá síbi iṣẹ́. Elégbè la máa pè é."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní iṣẹ́ náà dúró, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ṣe é sára pátákó. Túnunfọ̀ kọ tirẹ̀, ó sì na kálàmù sí Bàbá Yìnyín.

Bàbá bojú wẹ̀yìn, ó ń wo ẹni tó ń nà án sí.