Ẹ Kọjá, Ẹ Má Wò

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni ọkọ mi lọ tú. Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lábẹ́ tábìlì ìránṣọ mi ni àwòrán àwọn aṣọ tí mo rán wà, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń wò wọ́n lórí fóònù wọn. Àfi bó ṣe jí láàárọ̀, tó ní fódà àwòrán náà jìnnà sí òun, òun fẹ́ kó o wá sínú fódà tara òun, níbi tí gbogbo ìwé òun wà.

Mo ní, "Olówó orí mi, ṣé ó dí yín lọ́wọ́ níbi tó wà ni?"

Ó kó o. Látìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ mi, ohun tí yóò rí ni: A KÒ GBÀ YÍN LÁYÈ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá ilé-ìwé kan, obìnrin, ṣèlérí pé òun máa wo àwòrán náà kó tó di aago méjì. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, èmi ni n ó máa rán aṣọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń lé iṣẹ́ yìí. Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ mi ṣí fódà àwòrán náà sílẹ̀. "Ẹnikẹ́ni lè kà á báyìí, ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí i."

"Títí kan télọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò tó ń gba oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ó sáré gba àyè kíkọ padà. Síbẹ̀, pàbó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó ṣàlàyé pé ìránṣẹ́ kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán fáwọn èèyàn, àlejò ni, ó sì ti kọ̀ kò wọlé. Ló bá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá wa. "Ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ìránṣẹ́ inú ẹ̀rọ ni, Màmá."

"Ó kágò?"

"Kò lẹ́nu, Màmá."

"Kó dúró síta nígbà yẹn."

Màmá ló so kọ́kọ́rọ́ géètì mọ́dìí. Èmi tí mo ti gbé ilé yìí fún ọdún mẹ́tàdínlógún, bí n kò bá kágò, ìta ni mo wà. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún náà, kò tíì yin aṣọ kan ṣoṣo tí mo rán.

Aago méjì ku díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu géètì gbàgbàgbà. "Ta ló ní mi ò láyè? Mo wá gbàyè fúnra mi!"

Ọ̀gá ilé-ìwé ni, fóònù lọ́wọ́. Mo sáré lọ bá Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i! Yàrá ìránṣọ ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu!"

"Kí ni yàrá tó ṣí fẹ́ ṣe fẹ́ni tí géètì tì mọ́ta?"

Ọkọ mi, tó ń tẹ̀ lé mi bọ̀, dúró gbagidi.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí látìta, "àgò o!"

"Àgò yà." Màmá ṣí géètì. "Ṣùgbọ́n mo sá aṣọ abẹ́ mi sí àgbàlá. Ẹ kọjá, ẹ má wò."

"Yéè!" Ọkọ mi ki eré mọ́lẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà. "Fódà tèmi ni géètì! Mo ṣí yàrá, mo ti géètì! Àyè àtikọjá ni kí n fún un, kì í ṣe ti wíwò!" Lẹ́tà kan péré, èyí tó dúró fún àyè àtikọjá, ló fi kún àṣẹ fódà tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ọ̀gá ń gba àárín aṣọ abẹ́ Màmá bọ̀. Ibì kan ṣoṣo tó lè wò láìṣẹ̀ ni fóònù rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, àwọn àwòrán mi sì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wò wọ́n tán, ó jókòó. "Iṣẹ́ yín dára. Ṣùgbọ́n télọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò náà ti bá mi sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣì rò ó. Ìyá yìí ni mo fẹ́ gbà síṣẹ́ lónìí. Ojoojúmọ́ láwọn ọmọ ń gba géètì wa sá lọ, àwọn tí kì í ṣe tiwa sì ń wọlé."

Màmá tún kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ ṣe. "Mo gbà. Àmọ́ ojú mi ti di ojú àgbà, aṣọ ni mo máa fi mọ ọmọ yín. Aṣọ tí ìyàwó mi bá rán nìkan ni mo dá mọ̀."