Ìlà Tó Kọjá Ọgọ́rin

Wọ́n ní kí n jókòó, n kò jókòó. Láti ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin ti ṣaláìsí, àga kì í gbà mí. Ẹrù rẹ̀ ni mo wá kó ní ọ́fíìsì, àfi bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe na lẹ́tà kan sí mi. Ilé ìwòsàn ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn oògùn. Lánàá, ètò náà wọn ti àgbàlagbà fún ọmọdé. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó tètè rí i. A ní láti sọ fún wọn pé àṣìṣe olóògbé ni."

"Ẹ fi iṣẹ́ náà hàn mí."

"Kò lè yé yín, Bàbá."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé ẹjọ́, èyí tí agogo rẹ̀ ń dún bí ìlà bá fẹ́ pin. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi pé ojú òǹkàwé máa ń rẹ̀. Nítorí náà, kì í jẹ́ kí ìlà kan kọjá ọgọ́rin lẹ́tà. Ìyá Ọgọ́rin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo tábìlì, ṣí iṣẹ́ náà. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kúkúrú tẹ̀lé ìlà kúkúrú, títí mo fi rí ọ̀kan tó gùn kọjá etí gíláàsì kọ̀ǹpútà.

"Ẹ dúró níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ọwọ́ ọmọ mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìlà méjì ni tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ta ló tún ń ka ọgọ́rin láyé ìsinsìnyí? N ò sì yí ọ̀rọ̀ kankan padà."

Ọmọbìnrin náà fa ìlà náà dé òpin.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Ìyá Ọgọ́rin kọ àlàyé fún òǹkàwé sí ìparí ìlà àkọ́kọ́. Ohunkóhun tó bá sì wà lẹ́yìn àmì àlàyé lórí ìlà kan náà, kọ̀ǹpútà kì í kà á. Ìlà kejì ló ní kí oògùn ọmọdé dínkù. Ẹ ti bò ó mọ́lẹ̀."

"Háà! Mi ò rí ìparí ìlà yẹn lójú gíláàsì."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i?" ni ọmọbìnrin náà wí. "Ó gùn ju ẹjọ́ ilé olórogún lọ!"

Ọ̀gá mú lẹ́tà náà, ó fẹ́ rọra tì í sínú dúrọ́ọ̀.

"Òkú kì í rojọ́," mo ní, "ṣùgbọ́n èmi wà níhìn-ín. Ẹ tún un kọ."

Ó ń kọ ọ́, mo ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró pẹ́ kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí orúkọ ọmọ mi wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lóòró. Ara mi kò tíì balẹ̀. Mo ní kí ó fi ránṣẹ́ lójú mi.