Ìdákẹ́jẹ́ Lẹ́yìn Orúkọ Mẹ́fà

Ìwàlẹwà ń gé ìdákẹ́jẹ́ dànù. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ibi tí ìlà ohùn bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, á gé e, á sì fa ìyókù pọ̀. Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án nípa orin ṣíṣe, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: òfìfo inú orin, ìfiṣòfò ni. Ọ̀rọ̀ náà bá a lára mu. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kí ló tún pọ̀ nílé rẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun ju ìdákẹ́jẹ́ lọ?

Ohùn Bàbá Elisha, àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà ní Òṣú, ló ń gé. Ọmọ ogún ọdún ni Bàbá nígbà tó lọ jagun abẹ́lé. Sójà lásán ni, kò gboyè kankan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ Ìwàlẹwà, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà tí kò bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ohùn sì lọ.

Ohun tí Ìwàlẹwà ń fẹ́ kò ju pé kí Bàbá tún fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ó fi dùùrù sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó parí, kọ̀ǹpútà ti kún, ó bá pa ohùn àkọ́kọ́ rẹ́. Kò rí ohun tí ènìyàn ń fi méjì ṣe.

Lọ́jọ́ kejì ó dé Òṣú. Olúwatóyìn, ọmọ Bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn.

"Àǹtí Ìwà, ẹ tún gbé àpótí orin yín dé. Ṣé orin yìí ò ní lé àwọn adìẹ mi wọ igbó?"

"Ọbẹ̀ ni kí adìẹ rẹ máa bẹ̀rù."

Ó tan orin. Dùùrù wọlé, ohùn Bàbá tẹ̀ lé e: "Fọláránmi, Akeem, Mùyídéènì..." Orúkọ ń sáré tẹ̀ lé orúkọ. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè. Ìwàlẹwà pa orin náà. Bàbá gba bírò, ó rọra kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: *Wọn ò tíì dáhùn.*

"Àwọn wo, Bàbá?"

Ó nawọ́ sí ìwé pélébé náà. Tóyìn ṣí i síbi tí Bàbá fi ìka hàn án, ó sì kà á:

"Nírọ̀lẹ́, sájẹ́ǹtì pe orúkọ wa bó ṣe máa ń pè é. Ó pe Akeem. Akeem ti kú láàárọ̀. Sájẹ́ǹtì dúró fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró fún àwa tó kù, kó tó pe Mùyídéènì. Láti òní, bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe."

Tóyìn pa ìwé dé. "Àǹtí, Bàbá dúró lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń kà á lọ́jọ́sí. Mo wà níbẹ̀."

"Mo gé e dànù."

"Ẹ dá a padà."

"Kò sí mọ́. Mo ti pa á rẹ́."

Tóyìn kò ṣàwàdà mọ́.

Ìwàlẹwà mọ̀ pé òun lè fi àyè lásán sáàárín àwọn orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò séèmí ẹnikẹ́ni nínú àyè bẹ́ẹ̀. Ó gbé máìkì síwájú àga Bàbá láti gba èémí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ohun ìgbọ́ràn bò ó létí. Tóyìn pa fáànù, ó lé adìẹ jìnnà. Ìwàlẹwà tan orúkọ kan ṣoṣo sí Bàbá létí. Bàbá dúró. Nígbà tó tó lójú rẹ̀, ó gbé ìka sókè, Ìwàlẹwà sì tan èkejì.

Ti Akeem pẹ́ jù. Ọwọ́ Ìwàlẹwà ń yún un láti tan èyí tó kàn. Ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. Kò sí ohun tó ń dún nínú yàrá àfi èémí Bàbá àti àga tó ń han díẹ̀díẹ̀.

Ó to ìdákẹ́jẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn orúkọ tó ni wọ́n. Bàbá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbọ́wọ́ sókè.

Ìwàlẹwà di ẹrù rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, mo ń lọ o."

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé Bàbá ò lè dáhùn..."

"Mo mọ̀."

Ìwàlẹwà dúró dè é síbẹ̀ títí ó fi tó. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí títì, ó ń wá ọkọ̀ Òṣogbo.