Wọ́n Ti Fi Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ San Owó Yàrá

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè é. Àwọn kan ní torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àwọn kan ní torí iṣẹ́ aránṣọ tó ń ṣe ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ti gún rí ló mọ ìdí tí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò gún ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí ìyẹ́ ń hù lápá. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rán aṣọ aláwọ̀ sánmà kan tí kì í ṣe ti oníbàárà. Tirẹ̀ ni. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ọkọ̀ àárọ̀ kùtù yóò gbé e lọ sí ìlú ńlá, ibi tí kò dé rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ibi tí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ yàn ti ń retí rẹ̀. Sátidé, Sọ́ńdè, kó sì padà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọjọ́ méjì péré! Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí òùngbẹ ìfẹ́ ti ń gbẹ láti bí oṣù mẹ́jọ, kó sọ fún yín bóyá ife omi méjì kéré.

Wẹ́dà ni ọkùnrin náà. Irin ló ń jó pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro kan, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo, torí owó yàrá nílùú náà kì í ṣe ẹrù tí ẹnì kan ń dá gbé. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, a pe Abẹ́rẹ́ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ a sì máa wọ etí ọmọbìnrin náà bí oyin tó ń kán sórí búrẹ́dì gbígbóná. Àwọn méjèèjì ti jọ to gbogbo ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi nírọ̀lẹ́, lásìkò tí iná àwọn ilé gíga bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn sórí omi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọn yóò lọ sí ọgbà òdòdó kan tí wọn kì í ti í gbowó ẹnu ọ̀nà.

"Yàrá ńkọ́?" Abẹ́rẹ́ ti bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Fọkàn balẹ̀, olólùfẹ́ mi. Mo ti yanjú ẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa yọ̀ǹda yàrá fún wa. Ìwọ àti èmi nìkan."

Abẹ́rẹ́ kò bi í bó ṣe yanjú ẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, ìfẹ́ àwọn méjèèjì ló wọ àwọn ọkùnrin náà lára, tí wọ́n fi dìde fúnra wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ń ránṣọ ní máṣíìnì kejì, ti sọ ara rẹ̀ di olùdarí ìrìn-àjò náà, torí òun nìkan ló dé ìlú ńlá rí nínú ẹbí. Ká má purọ́, kò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ló gbé e gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi ìsìnkú kan.

"Má ra omi níbẹ̀ o," ẹ̀gbọ́n ń sọ bó ṣe ń tẹ máṣíìnì. "Gbé omi tìẹ dání. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rẹ́rìn-ín sí ẹ, má rẹ́rìn-ín padà, nǹkan ló fẹ́ tà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú ọkọ̀ tẹ́ ẹ wà náà lẹ ti rí gbogbo ìyẹn?"

"Ojú mi mú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí."

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá wọn, rẹ́rìn-ín débi pé píìnì tó fi eyín há bọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wá píìnì náà ni fóònù Abẹ́rẹ́ ti dún. Kò mọ nọ́ńbà náà.

"Ìyàwó wa!" Ohùn ọkùnrin kan ta sí i létí bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ tó ti ń lọ. "Èmi Kúkúrú ni o. Ọ̀rẹ́ ọkọ yín tá a jọ ń gbé yàrá."

"Ẹ n lẹ́, sà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o, àlàáfíà ni. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì yẹn ni mo ní kí n rán yín létí. Ẹ jọ̀ọ́, kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ yí yẹn ni kẹ́ ẹ gbé wá. Iná ibí ò ṣe é gbọ́kàn lé."

Abẹ́rẹ́ mú fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà. "Máṣíìnì wo, sà?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa fi tún aṣọ wa ṣe! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná irin ti ta sí gbogbo ṣòkòtò wa, ó ti dá wọn lu bí asẹ́. Àpò méjì ló kún, a ti fọ̀ wọ́n dè yín. Ọkọ yín ní ká lọ sùn síbi iṣẹ́ láti Sátidé, pé tó bá fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹ ṣeun o, ìyàwó wa! Aránṣọ ibí, tó bá wo ihò kan báyìí, owó tó máa pè, ẹ máa rò pé ṣòkòtò tuntun lẹ ní kó rán."

Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó sì pa fóònù.

Abẹ́rẹ́ jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi rì. Iná orí omi kú. Òdòdó inú ọgbà rọ. Ohun tó kù lójú rẹ̀ kò ju àpò ṣòkòtò méjì lọ, àti òun alára tó doríkodò sórí máṣíìnì nínú yàrá ọkùnrin mẹ́rin, bó ṣe ń doríkodò nílé láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Inú aṣọ aláwọ̀ sánmà ni yóò sì ti ṣe é!

Nígbà tó rọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn nìkan? Ihò ṣòkòtò? Ọmọ yìí, yàrá ọ̀fẹ́ nílùú yẹn! Rán an kíákíá láàárọ̀, kẹ́ ẹ lọ wọ ọkọ̀ ojú omi yín nírọ̀lẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àpò méjì ni."

"Màá yá ẹ ní sísọ́ọ̀sì mi tó mú."

"Ẹ ò gbọ́ mi!" Abẹ́rẹ́ dìde, àga ṣubú sẹ́yìn rẹ̀. "Kò bi mí! Ká ní ó bi mí ni, bóyá màá tiẹ̀ gbà. Bóyá èmi gan-an ni màá ní kó kó wọn wá. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti yanjú ẹ̀. Èmi ló fi yanjú ẹ̀! Ọkùnrin mẹ́ta jókòó nílùú tí mi ò dé rí, wọ́n ń pín ọjọ́ méjì mi mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹni tó ń pín in fún wọn ló tún ń pè mí ní olólùfẹ́!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù náà ti gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó dàgbà ju gbogbo máṣíìnì ibẹ̀ lọ: ẹnìkan kì í bá ẹnìkejì gba iṣẹ́. Bí oníbàárà rẹ bá dé tí o kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò ní kó lọ kó padà wá, ìbáà máa sunkún. Ẹni tó bá sì tàsé, tó la ẹnu pé "gbé e sílẹ̀, á bá ẹ rán an," òun fúnra rẹ̀ ni yóò rán an. Ẹni tó gbaṣẹ́ ló ń rán an. Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ti gba kóòtù kan rí lórúkọ ẹ̀gbọ́n, òun náà ló sì rán an láti ọrùn dé ìdí. Ó ní, "Ọ̀gá yín ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kì í ṣe tèmi."

"Ṣé wẹ́dà yẹn mọ òfin wa?" Ìyá Ṣọ́ọ̀bù béèrè.

"Mo ti sọ fún un láìmọye ìgbà, mà. Ó ní ó wu òun."

"Bó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré mọ, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Lọ pè é."

Abẹ́rẹ́ bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, sáàárín àwọn àpò tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ sí. Wẹ́dà gbé fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi! Ṣé o mọ̀ pé ìwọ ni mò ń..."

"Má da oyin sí mi létí. Kúkúrú pè mí."

Wẹ́dà pariwo borí irin tí wọ́n ń lù níbi iṣẹ́.

"Háà, Kúkúrú! Mo ní kó má tíì pè ẹ́."

"Má tíì kẹ̀? Ìgbà wo lo fẹ́ kí n gbọ́? Ìgbà tí wọ́n bá da ṣòkòtò lé mi lẹ́sẹ̀?"

"Ọ̀la ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Gbọ́ mi ná, jọ̀ọ́. Torí ìfẹ́ ni mo ṣe ṣe é. Mo wá hòtẹ́ẹ̀lì títí. Owó ọjọ́ kan níbẹ̀, mi ò rí i gbà lóṣù. Mo bẹ àwọn ọmọkùnrin yìí kí wọ́n jáde fún wa, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni mo wá ní tí mo lè fún wọn?"

"Ohun tó o ní kọ́ lo fún wọn! Èmi ni mo ni ín! Ọwọ́ mi ni!"

"Ọwọ́ tìẹ, ọwọ́ tèmi, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Ìwọ lo sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ pé gbogbo ohun tó o ní, tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Abẹ́rẹ́ lára jù. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́, lọ́jọ́ tí Wẹ́dà ń lọ, tí orí rẹ̀ wà léjìká ọkùnrin náà. Tí èèyàn bá fi ẹkún sọ̀rọ̀ sí ẹ létí, ṣé ọjà lo máa gbé e lọ?

"Ọkàn mi ni mo fún ẹ," ó ní. "Mi ò fún ẹ níṣẹ́ mi kó o máa fi ta ọrẹ."

"Ó dáa." Inú ti ń bí Wẹ́dà náà. "Torí ihò ṣòkòtò, o fẹ́ ba ìrìn-àjò wa jẹ́."

"Ẹni tó gbaṣẹ́ ló ń rán an. Ìwọ lo gbaṣẹ́. Jókòó, kó o rán an!"

Ó pa fóònù. Ó wá jókòó sórí àpò àjákù aṣọ, ó sunkún, ó nu ojú, ó tún bínú sí ara rẹ̀ pé ó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, Wẹ́dà pè títí, Abẹ́rẹ́ kò gbé e. Ó rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì. Ìbínú rẹ̀ kò rọlẹ̀, èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ náà kò rọlẹ̀. Bí kò bá lọ, Wẹ́dà yóò máa sọ fún gbogbo ayé pé ihò ṣòkòtò ló fà á. Bó bá sì lọ, tó sùn nínú yàrá yẹn, ó ti fọwọ́ sí i pé wọ́n lè fi òun san owó ohun tí wọ́n bá fẹ́, lónìí àti lọ́jọ́ mìíràn. Ó rò ó títí, orí ń fọ́ ọ. Níkẹyìn ó bọ́ sọ́nà, ó gba ibùdókọ̀ lọ.

"Mo fẹ́ yí ọjọ́ tí mò ń padà," ó sọ fún obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. "Ọkọ̀ àárọ̀ ni kó gbé mi lọ ní Sátidé, kí ti ìrọ̀lẹ́ gbé mi padà."

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Lọ́jọ́ kan náà? Nílùú tí owó ọkọ̀ lásán tó báyìí? Àwọn ọlọ́jà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, àti ẹni tó bá fẹ́ lọ bá èèyàn jà."

"Ẹ kọ èmi mọ́ àwọn ti ìkejì."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. "Lílọ bọ̀ lásán! Kí lo máa rí níbẹ̀?"

"Ojú rẹ̀ ni màá rí. Kò sí alẹ́ tí a máa sùn, a ò sì fẹ́ yàrá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù mi orí, ó gba apá aṣọ tí Abẹ́rẹ́ rán sódì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò kí Abẹ́rẹ́ tó gbé fóònù.

"Má tíì pa á," Wẹ́dà sáré sọ. Oyin ti tán lóhùn rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn. Mo ní mi ò bi ẹ́, pé mo purọ́ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò jáde kúrò ní yàrá mọ́. Kúkúrú ní kí n dá owó ọṣẹ tí àwọn fi fọ ṣòkòtò padà."

"Ó tọ́ sí ẹ."

"Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn."

Abẹ́rẹ́ gbàgbé ara rẹ̀. "Ìwọ? Kí lo fi ń rán an?"

"Abẹ́rẹ́ ọwọ́. Ìka mi ti lu ju ṣòkòtò lọ. Ọ̀kan ni mo tíì parí, ti Kúkúrú. Kò lè wọ̀ ọ́. Mo ti rán iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn lórí orúnkún, ẹsẹ̀ ò kọjá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Abẹ́rẹ́. Ó fi eyín di ètè, ó gbé e mì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

"Mo ti yí tíkẹ́ẹ̀tì mi," ó ní. "Lọ́la ni mò ń bọ̀, lọ́la náà ni mò ń padà. Ibùdókọ̀ ni kó o ti pàdé mi."

"Ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ti fọwọ́ ara mi já ìyókù dànù. Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Rárá."

"O máa náwó ọkọ̀ tó báyìí, o ò sì tíì dárí jì mí?"

"Ìjà tí mo fẹ́ bá ẹ jà, kì í ṣe ìjà orí fóònù. Ojú ẹ ni mo fẹ́ máa wò bí mo bá ń sọ ọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi sọ, mo ní ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ létí lọ́jọ́ tó ò ń lọ, tó o fi ṣọjà, mo ní ti 'má tíì pè ẹ́' yẹn sọ. Bí mo bá sọ gbogbo ẹ̀ tán, tó o ṣì dúró níwájú mi, a á mọ èyí tó kàn."

Wẹ́dà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá kí òun yá àga kan dání wá síbùdókọ̀, torí òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́ díẹ̀ kó tó parí.

"Yá méjì," Abẹ́rẹ́ ní, ó sì pa fóònù.