Tòlótòló Tó Ń Jẹ́ Alága

Kí Ọmọ́ṣaléwá tó di olùkọ́ ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, iṣẹ́ wẹ́fíà ló ń ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ bí tọkọtaya bá fẹ́ tú ká, tàbí bí bàbá kan bá ní òun ò mọ ẹni tó bí ọmọ tó jọ ọ́ bí ìmumu. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gun ọ̀kadà káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, títí ìdí rẹ̀ fi mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà Òkè-Ọdẹ. Nígbà tó kàwé sí i, tí yunifásítì gbà á, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti rí àga tó ní tìmùtìmù, àwọn tí yóò sì máa bá sọ̀rọ̀ kò ní na ọmọ odó síra wọn lójú rẹ̀ mọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn kíláàsì rẹ̀ nítorí ìtàn tó máa ń sọ. Èyí tó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ jù ni ti ọkùnrin tó pa tòlótòló ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pe ọkọ ní Lágbájá," ó wí lọ́jọ́ kan, "ká pe ìyàwó ní Tàmẹ̀dò. Àrán-Ọ̀rin ni wọ́n ń gbé."

Irọ́ ni, Òkè-Ọdẹ ni. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ wẹ́fíà ni pé a kì í tú àṣírí ẹni tó fọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọni.

"Tàmẹ̀dò sin tòlótòló kan. Akọ ni, ó sanra, ó sì ń yan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò, ló bá sọ ọ́ ní Alága. Kó tó kí ọkọ láàárọ̀, ó ti kí Alága. Àfi bí àbúrò Lágbájá ṣe kó ẹbí rẹ̀ ti Èkó dé fún Iléyá. Ẹran àgbò tán, àlejò ò tíì lọ. Lágbájá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó yọ ọ̀bẹ ti Alága."

Kíláàsì hó yèè.

"Láti ọjọ́ náà ni Tàmẹ̀dò ò ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ wá fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì wa. Bí mo bá débẹ̀, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ìyàwó á ní, 'Àǹtí, ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé ọbẹ̀ rẹ̀ ń tutù.' Ọkọ á ní, 'Àǹtí, ẹ sọ fún un pé mo ti gbọ́.' Bí mo ṣe di wáyà tẹlifóònù nìyẹn."

Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wá na ọrùn. "Ṣùgbọ́n mi ò yé lọ. Mo ń fi ìbéèrè wá ohun tó wà nísàlẹ̀ ìbínú wọn. Nígbà tó yá, mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá wọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo. Sùúrù àti ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ló parí ìjà náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yusrah, tó fi híjáàbù bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí kíláàsì tú, ó wá bá olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú o, mà. Alága yẹn, ilé wa ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìlọrin ni mo wà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò mọ Alága ní Òkè-Ọdẹ."

Ọmọ́ṣaléwá yí orúkọ èèyàn padà, ó yí ti ìlú padà, kò rántí yí ti tòlótòló.

"Yusrah, jọ̀ọ́, má tíì sọ fún wọn nílé. Jẹ́ kí èmi fúnra mi…"

"Mà, mo ti fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí màámi lórí Wásáàpù."

Ọmọ́ṣaléwá ń ro ohun tí yóò sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka wọn, ó sì ń múra àtilọ bẹ̀bẹ̀ ní Òkè-Ọdẹ. Kó tó lọ, wọ́n wá. Ó ń kọ́ kíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Abdulkadir, bàbá Yusrah, wọlé pẹ̀lú fìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àyìsátù ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀. Yusrah rọra yọ́ sísàlẹ̀ tábìlì.

"Àsàlámù àlékúmù," bàbá wí. "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wa?"

Ọmọ́ṣaléwá kúnlẹ̀ lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kò yẹ kí n sọ ọ́ láìgbàyè lọ́wọ́ yín."

"Ẹ dìde jàre, Àǹtí Wẹ́fíà," Àyìsátù wí. "Ta ló ń bínú? Ìtàn yín ni kò gún. A wá bá yín tún un ṣe."

"Àti pé ta ló ń jẹ́ Lágbájá?" bàbá bèèrè. "Mo lórúkọ o. Abdulkadir ni mò ń jẹ́."

"Tiyín tún sàn, Bàbá Yusrah. Tàmẹ̀dò! Ó dún bí orúkọ obìnrin tí ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń jóná."

Gbóyèga, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń jókòó níwájú, dìde fún wọn. Wọ́n jókòó ti ara wọn.

"Ìbéèrè yín dára," bàbá bẹ̀rẹ̀, "ṣùgbọ́n òun kọ́ ló parí ìjà. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ọ̀kadà dà yín sínú ẹrẹ̀?"

Ojú ti Ọmọ́ṣaléwá. Ó rántí. Kò fi ìyẹn kún ìtàn náà rí.

"Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́," Àyìsátù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. "A kàn rí nǹkan kan tó ń bọ̀, ẹrẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹyinjú nìkan ló funfun. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, 'Kí ló wà lọ́kàn yín lónìí?' Háà! Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo kọjú sí bàbá yìí. Mo ní, 'Bí a ò bá parí ìjà yìí, ọmọ ọlọ́mọ á kú sójú ọ̀nà.'"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀," ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín!"

"Mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sọ ọ́." Ó kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "A fohùn ṣọ̀kan pé bí wọ́n bá tún wá, ká jọ jẹun lójú wọn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀, kí wọ́n lè fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀. A kàn ń díbọ́n ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ, oúnjẹ ṣì kù nínú abọ́. Ó wá dà bí ìwà ọmọdé ká tún pín in sí méjì."

"Bàbá yìí bu ẹran tiwọn fún mi," Àyìsátù wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Ọmọ́ṣaléwá rántí àpérò kan ní Ìlọrin, níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un nítorí ìtàn yìí. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi di pátákó ìkọ̀wé mú.

"Ìyá," akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Jannat bèèrè, "ṣé ẹ ti wá dárí ji bàbá nítorí Alága?"

"Rárá o," Àyìsátù dáhùn kíá. "Mo kàn ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni."

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọmọ́ṣaléwá tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ní kó máa sọ ọ́ lọ, bó bá ti lè fi orúkọ wọn gan-an sí i. Ó sìn wọ́n dé ibi mọ́tò, ó dúró títí wọ́n fi yanjú ẹni tí yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó padà sí kíláàsì.

Gbóyèga ti na ọwọ́ sókè. "Mà, kí la máa wá kọ báyìí? Wọ́n ń díbọ́n ni àbí wọ́n parí ìjà?"

Ọmọ́ṣaléwá mú ṣọ́ọ̀kì, ó rò ó, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Èmi náà ò tíì mọ̀," ó wí. "Ẹ fa àga yín súnmọ́bí, ká jọ sọ ọ́."

Wọ́n sọ ọ́ títí olùkọ́ tó kàn fi dé, tó ń kan ilẹ̀kùn.