Ẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà

Nígbà tí ìjì òwúrọ̀ náà dé, Àdìkẹ́ kò sá wọlé. Ó sá jáde ni. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tó há sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì lọ dúró sí gbangba ìta, níbi tí kò sí òrùlé, tí kò sí ògiri, tí ẹ̀ka igi kankan kò lè wó dé. Òjò ń nà án. Búláòsì funfun tó ti lọ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn ará àdúgbò Pópó kì í fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó tó ń dáná ní fàráńdà ilé kejì kàn gbójú sókè, ó ní, "Tíṣà ti jáde o," bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Gbádé, ọkọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú pípè é wọlé. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, tí obìnrin náà ń rìn bọ̀ tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, ó na táwẹ́ẹ̀lì sí i.

"Ṣé o ṣì máa lọ?"

"Mo máa lọ. Ẹ bá mi wo búláòsì mìíràn."

Ọdún 1994 ni. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà, Evelyn Àdìkẹ́ Ajíbádé ni tíṣà kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìdí-Ọsàn, níhìn-ín nínú ìlú Ọ̀fà. Ògiri kan wà lẹ́yìn kíláàsì náà tó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá náà sọ fún àwọn tó jù ú lọ. Wọ́n ní tí ìsinmi bá dé, wọ́n á tún un ṣe. Ìsinmi kò tíì dé tí ìjì oṣù kẹrin fi dé. Ó gbọ́ bí páànù ṣe ń ké lókè, ó pariwo pé, "Ẹ sáré! Ẹ sáré jáde!" Àwọn ọmọ tú jáde bí àgbàdo tó dà nínú àpò. Òun ló kẹ́yìn, ó fa ọmọ méjì lọ́wọ́. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn, kò rí ògiri mọ́; eruku pupa ló rí. Ràfátù, ọmọ Àṣàbí, kò sì sí nínú àwọn tó wà níta.

Ọlọ́pàá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bi í. Àlùfáà ìjọ wọn náà bi í. Gbogbo wọn ló sọ fún un pé kò lẹ́bi. Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé orin á ṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ògiri ni yóò máa wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Tí wọ́n bá mú ọmọ wá kó wọn aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún, ó lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn irun ọmọ náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé eruku pupa wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lórí ọmọ. Ìyá ọmọ á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi ṣe tán.

Iṣẹ́ olùkọ́ tún wá a rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wá gba aṣọ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún nítorí ìṣirò tí kò yé e. Àdìkẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Kò pẹ́ tí iwájú ilé fi kún ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ ń jókòó sórí ẹní, lábẹ́ ojú ọ̀run gbalasa. Tí òjò bá ṣú, á ní kí kálukú máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sá sábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Ìdí-Ọsàn kó lọ sí Èkó, àwọn òbí ṣèpàdé láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àdìkẹ́ kò sí níbẹ̀. Alhaji Sàláwù, alága ìgbìmọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ló wá bá a nílé.

"Tíṣà, orúkọ yín làwọn òbí mú."

"Alhaji, ẹ dákun, ẹ wá ẹlòmíràn. Ta ló tilẹ̀ dárúkọ mi?"

"Àṣàbí ni. Àṣàbí ẹlẹ́rọ ìlọta."

Àdìkẹ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú Ràfátù, òun àti Àṣàbí kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán lọ́nà ọjà Òwódé, á yà bá ọ̀nà mìíràn lọ. Ó wá dá a lójú pé ìyà ni obìnrin náà fẹ́ fi jẹ òun: kí òun padà sínú ọgbà yẹn, kí òun fojú ara òun rí i. Torí ìdí yẹn gan-an ló ṣe gbà. Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, Àṣàbí nìkan ni òun kò lẹ́nu láti kọ̀ fún.

Ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ ìjì yìí. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó sì dúró síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ilé tó fẹ́ wọ̀. Ilẹ̀ ṣì tutù. Àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta tò sábẹ́ igi dongoyárò, omi ń kán sórí ìwé wọn láti ara ewé. Àwọn kan fi ìwé bo orí.

"Tíṣà!" Alhaji Sàláwù ló ń bọ̀, agbádá rẹ̀ ká sórí èjìká. "Ẹ káàbọ̀ sílé."

Àwọn tó kù wà pẹ̀lú rẹ̀: Alhaja Asiata, tó ń ṣojú àwọn ìyá, àti Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tó wá láti Ìlémọnà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ dígí ojú. Wọn kò kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n fẹ́ kó rí.

Apá kan ilé àtijọ́ tí kíláàsì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò wó lọ́jọ́sí. Wọ́n tì í pa láti ìgbà náà. Nísinsìnyí, agbaṣẹ́ṣe kan ti rẹ́ ẹ, ó ti kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, ó fi páànù tuntun bò ó. Ó ń dán gbinrin.

"Ní Mọ́ńdè, àwọn tó wà lábẹ́ igi á wọlé," ni Alhaji wí. "Ẹ wo bí òjò ṣe pa wọ́n láàárọ̀ yìí. Àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn kúrò. Kí gbogbo wa ṣáà ti fọwọ́ sí i, ó parí."

Àdìkẹ́ kò wọlé. Ó na ọwọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Ó tutù, ó ń yọ̀.

"Kí ló wà lábẹ́ rírẹ́ yìí?"

"Ògiri náà ni, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí dáhùn.

"Ti àtijọ́?"

"Ti àtijọ́ ni. Agbaṣẹ́ṣe ní ó ṣì lágbára."

"Kí wọ́n má wọ̀ ọ́," ni Àdìkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò sókè.

Alhaji Sàláwù kì í ṣe ẹni burúkú. Òun ló máa ń lọ láti ilé dé ilé láti bẹ àwọn òbí kí wọ́n má yọ ọmọ wọn. Ó sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ o. Gbogbo wa la mọ ohun tójú yín rí. Ṣùgbọ́n ṣé ògiri yìí lẹ̀ ń wò, àbí èyí tó ti wó?"

Ìbéèrè yìí gan-an ni Àdìkẹ́ náà ń bi ara rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọgbà. Láàárọ̀ yìí nìkan, ó ti sá kúrò nínú ilé tí ẹ̀kán omi kan kò jò rí. Ta ni yóò fi ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ríran?

"Mi ò mọ̀, Alhaji," ló wí níkẹyìn. "Mi ò lè purọ́ fún yín, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kó àga wọlé. Nínú ibí yìí ni ká ti ṣèpàdé wa. Kí tèmi wà nídìí ògiri yẹn."

Lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, lápá Ẹ̀rìn-Ilé, òjò mìíràn ti ń ṣú dùdù.

Àdìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé àga. Ó wọlé. Òórùn ọ̀dà tuntun kún ibẹ̀. Ó gbé àga síbi tí àwọn ọmọ tó bá jókòó lẹ́yìn pátápátá máa ń wà, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí gbé àga tirẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń nu dígí ojú rẹ̀. Alhaja Asiata ní orúnkún ń dun òun, pé afẹ́fẹ́ ìta tilẹ̀ dára jù. Alhaji Sàláwù gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Atẹ́gùn fẹ́ wọ́ọ́, páànù tuntun sì mì lókè, kéékèèké báyìí. Ó fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn.

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yẹn. Ó wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Lábẹ́ dongoyárò, àwọn ọmọ ń ka ìwé lóhùn kan náà, ọ̀rọ̀ wọn kò yé ẹnikẹ́ni níbi tí ìgbìmọ̀ wà.

"Ẹ jáde wá, Tíṣà," ni Alhaji wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jáde."

Àdìkẹ́ fẹ́ dìde, ara rẹ̀ kò gbà. Alhaja Asiata tí orúnkún ń dùn ún ló já wọlé, tó gbá a mú lábẹ́ apá, tó sì fà á jáde síta bí ẹni fa ọmọ kúrò nínú odò. Wọ́n dúró, wọ́n di ara wọn mú, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Òjò náà kò rọ̀. Ó gba ọ̀nà Ìjàgbó lọ. Ògiri náà dúró síbẹ̀, ó ń dán.

"À á wó o," ni Alhaji Sàláwù wí.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?" Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí bi í. "Níbo ni ká kó wọn sí?"

"Kò sẹ́ni tó ń lo gbọ̀ngàn ilé-kéú wa láàárọ̀. Màá bá lémọ́mù sọ̀rọ̀."

"Èmi náà á bá àlùfáà wa sọ̀rọ̀," ni Àdìkẹ́ wí. "Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣófo títí di Ọjọ́rú."

"Ọ̀nà á jìn sí wọn," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí wí. "Àwọn òbí á kùn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn," ni Alhaja Asiata dáhùn. Ó ṣì di ọwọ́ Àdìkẹ́ mú.

Nígbà tí ìpàdé tú ká, Àdìkẹ́ kò gba ọ̀nà ilé. Ó gba ọ̀nà tó ti ń yẹ̀ fún láti ọdún mẹ́jọ wá. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta kó tó rí ṣọ́ọ̀bù Àṣàbí. Àṣàbí dúró nídìí rẹ̀, ìyẹ̀fun èlùbọ́ bo irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń fi igi ti nǹkan sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè. Ó rí ẹni tó dé. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ.

Àwọn obìnrin tó kó ata dání wo ara wọn.

"Ẹ jókòó, Tíṣà." Ó fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu bẹ́ǹṣì tó wà níta. Òun náà jókòó.

"Wọ́n á wó o," ni Àdìkẹ́ wí.

Àṣàbí mi orí pé òun gbọ́.

"Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ fi dárúkọ mi?"

Àṣàbí ń fi àtàǹpàkò ha èlùbọ́ kúrò lọ́wọ́. "Gbogbo àwọn tó kù nínú ìgbìmọ̀ ló láyà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni mo ń wá. Mo ti rí yín níwájú ilé yín, tí òjò bá ń bọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méjì. Ẹ̀yin lẹ máa ń yà fún mi lọ́nà. Èmi kì í yà fún yín. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ó ti pẹ́."

Àdìkẹ́ múra sílẹ̀. Ó mọ gbogbo èsì náà lórí: ibi tí sísán náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sọ fún, ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn, bí òrùlé ṣe ké.

"Kí ìjì yẹn tó dé," ni Àṣàbí wí, "kí ni Ràfátù ń ṣe?"

Kò sẹ́ni tó bi Àdìkẹ́ ní èyí rí. Ọ̀rọ̀ ògiri ni ọlọ́pàá bi í, òun ni ìjọba bi í, òun ni àlùfáà bi í. Òun náà, ògiri ló ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà, nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ náà ló fi sílẹ̀ sínú rẹ̀.

"Ó ń jà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ó ń wá pẹ́ńsù rẹ̀. Ó ti kì í bọ inú irun, ó gbàgbé, ó wá ń bi gbogbo kíláàsì léèrè ta ló jí i."

Ohùn kan jáde lẹ́nu Àṣàbí. Àdìkẹ́ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyẹn!"

"Mo ń wò ó. Mo ń dúró kó fọwọ́ kan orí. Mo fẹ́ sọ fún un, àfi bí ìjì..."

"Ẹ má tíì dé ibẹ̀." Àṣàbí gbé ọwọ́ oníyẹ̀fun lé e lórí orúnkún. "Ẹ tún ti pẹ́ńsù yẹn sọ."

Àwọn tó wá lọ ata ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Àdìkẹ́ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ló tó rí i pé pupa ni pẹ́ńsù náà, pé eyín ti jẹ orí rẹ̀, àti pé ọmọbìnrin náà ti kánjú wá pẹ́ńsù náà débi pé bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.