Èéfín Inú Kànga

Kànga ilé Ìyá Bọ́dúndé ní Bárígà ti ń rùn, ni Bọ́dúndé ọmọ rẹ̀ bá ní òun máa fọ̀ ọ́. Kí omi lè tètè gbẹ, ó fi okùn sọ ẹ̀rọ bẹntiróòlù tó ń fa omi kalẹ̀ sínú kànga, ó tan án, òun náà sì wọlé tẹ̀ lé e. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n bá ikú mulẹ̀! Èéfín ò ríbi gbà jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n pe Bọ́dúndé títí tí kò dáhùn.

Fadékẹ́ panápaná àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré dé láti Ṣómólú. Láyé àwọn sójà, iná nìkan làwọn èèyàn mọ̀ wọ́n mọ́. Ìgbà tí alágbádá gbàjọba ni wọ́n wá fi yíyọ èèyàn nínú ewu kún iṣẹ́ wọn. Fadékẹ́ ti kọ́ ọ dáadáa, àmọ́ kò tíì yọ alààyè kankan rí.

“Ẹ̀yin panápaná!” Serifat, ará ilé kejì, pariwo. “Kànga ló gbé èèyàn mì o. Ṣé omi lẹ tún fẹ́ dà sí i ni?”

Lazarus, ọmọ Ìlàjẹ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bọ́dúndé, ti bọ́ ẹ̀wù. “Ẹ fi mí sílẹ̀! Èmi tí mò ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà láti kékeré, kànga wo ló máa pa mí?”

Fadékẹ́ gbá ṣòkòtò rẹ̀ mú. “Omi kọ́ ló mú un, èéfín ni. Tí ẹ bá wọbẹ̀, òkú méjì la máa gbé jáde.”

“Ṣé kí n wá máa wò ó kó kú ni?”

“Rárá. Okùn mi rèé. Tí mo bá ti fà á, kí ẹ máa fà wá bọ̀.”

Ó gbé ìgò afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ó bo ojú àti imú, ó sì wọlé. Bọ́dúndé dorí kodò lórí ẹ̀rọ, díẹ̀ ló kù kí omi kan imú rẹ̀. Okùn já bọ́ mọ́ Fadékẹ́ lọ́wọ́. Ó bú ara rẹ̀, ó tún mú un, ó so ó mọ́ abẹ́ apá Bọ́dúndé, ó sì fa okùn náà.

Lókè, Lazarus fà wọ́n bí ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ kún fẹ́ja.

Ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Bọ́dúndé sí. Fadékẹ́ bọ́ ìbòjú tirẹ̀, ó fi bo imú ọkùnrin náà. Fadékẹ́ ń gbàdúrà nínú, ó ń bẹ Ọlọ́run bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Bọ́dúndé húkọ́. Ó tún húkọ́, ó sì lajú.

Ariwo sọ! Ikú tí ìbá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dú. Serifat gan-an ló kọ́kọ́ ki ijó mọ́lẹ̀. Ìyá Bọ́dúndé ò jó ní tirẹ̀. Ìyá arúgbó náà tọ Fadékẹ́ wá, ó sì kúnlẹ̀ gbì nínú ẹrẹ̀.

“Háà! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!” Fadékẹ́ tòun ti ìgò ẹ̀yìn rẹ̀ wó lulẹ̀ lórí eékún. Ìyá náà ò dìde, òun náà ò sì lè dìde ṣáájú àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.